Wọ́n ti ta mọ́tò, wọ́n ti ta jẹnẹrétọ̀: ta ni yóò gba ajá?

Nígbà tí físà bá ti jáde, títà ló kù. Mọ́tò ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ tà, lẹ́yìn náà ni jẹnẹrétọ̀, fíríìjì, tẹlifíṣàn, àga ìjókòó, títí dórí ìkòkò ìdáná. Ìyàwó ilé á ya fọ́tò wọn sórí fóònù, á fi ránṣẹ́ sáwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àtàwọn aládùúgbò, kí ọ̀sẹ̀ méjì sì tó pé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti rí ẹni rà á. Àmọ́ ohun kan wà nínú ọgbà tí kì í sí nínú ìwé ẹrù títà yẹn, òun náà ló sì máa ń sáré jáde lọ pàdé ẹni tó bá wá wo mọ́tò. Ajá ni. Ìdílé mìíràn wà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí takisí tó máa gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfurufú n'Ìkẹjà bá dúró lẹ́nu géètì ni wọ́n tó rántí pé àwọn ò tí ì mọ ibi tí ajá máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lójú ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lèyí. Wọ́n á ní èèyàn ń wá bí yóò ṣe jẹun, ta ló ń sọ ti ajá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fáwọn tó jẹ́ pé ajá gan-an ló ń bọ́ wọn. Àwọn yẹn ò sì kéré: dókítà ẹranko tó ní ilé ìwòsàn kékeré ládùúgbò, ẹni tó ń kọ́ ajá, ẹni tó ń sin ọmọ ajá tà, ẹni tó ń gba ajá sílé fáwọn tó bá rìnrìn-àjò, títí kan obìnrin tó ń ta oúnjẹ ajá alápò pẹ̀lú orí àti ẹsẹ̀ adìyẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ni ìpè máa ń lọ bá nígbà tí ẹni tó fẹ́ jápa ò bá mọ ọ̀nà tó máa gbà mọ́. Bí wọn ò bá ṣọ́ra, gbèsè ni ìpè yẹn máa ń dà sí wọn lọ́rùn.

Bó ṣe máa ń rí rèé. Oníbàárà àtijọ́ kan á pe ẹni tó ní ilé ìtọ́jú ajá, á ní kó bá òun gba Bobby fún oṣù méjì péré, kóun fi rílé gbà ní London. Owó oṣù méjì yẹn á wọlé lójú ẹsẹ̀, ó tiẹ̀ lè lé díẹ̀. Nígbà tó bá di oṣù kẹta, á ní àwọn ò tí ì rí iṣẹ́ tó dúró. Ní oṣù kẹrin, á ní onílé tó fún wọn ní yàrá kò fẹ́ ajá. Tó bá di oṣù karùn-ún, nọ́ńbà tó fi ń pè kò lọ mọ́. Bobby ṣì wà nínú àgò, ó ń jẹun lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó ń gba oògùn aràn, ó sì jókòó sáyè tó yẹ kí ajá ẹni tó ń sanwó wà. Alsatian tàbí Boerboel tó ti dàgbà kì í sì í jẹ oúnjẹ ọmọdé. Bí irú wọn mẹ́ta bá wà nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń sanwó wọn, èrè orí àwọn tó kù lè má tó wọn jẹ.

Láti ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ náà ti túbọ̀ le sí i. Kí ìjọba tó jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tó máa fi di oṣù kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Oúnjẹ alápò tó ń tòkè òkun wá, abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn eégbọn, gbogbo wọn ló bá dọ́là gòkè. Ohun kan náà tó ń lé èèyàn lọ ló ń mú kí ajá tó fi sílẹ̀ nira láti bọ́, òun náà ló sì ń mú kí ẹni tó kù sílé máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gba ajá kún ẹnu tó ń jẹun nínú ilé rẹ̀.

Ìbéèrè tí oníbàárà sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé ajá ò lè bá àwọn lọ ni. Ó lè bá wọn lọ. Owó wà níbẹ̀ o, àmọ́ àkókò ló ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ju owó lọ. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn dìgbòlugi ṣì wà lára ajá wọn, àwọn ìlú tó sì ti lé àrùn náà lọ kò fẹ́ kó padà wá. Wọn ò jẹ̀bi. Ẹni tí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára rẹ̀, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀, ajá ló sì ń kó o ran èèyàn jù lọ.

Ẹni tó fẹ́ gbé ajá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, microchip ló máa fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ohun ìdánimọ̀ bíńtín kan tó ní nọ́ńbà, tí dókítà máa ń fi abẹ́rẹ́ tì sábẹ́ awọ ajá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kàn, kò sì gbọdọ̀ ṣáájú microchip. Bó bá ṣáájú, wọn ò ní kà á kún, àfi kí wọ́n gún un míì. Ajá náà gbọ́dọ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 12 kó tó gba abẹ́rẹ́ náà. Ó kéré tán, ọjọ́ 30 gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kì í sì í ṣe ibi àyẹ̀wò èyí tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa gbé e lọ, àfi èyí tí òfin ibẹ̀ fọwọ́ sí. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ajá lè wọ ọkọ̀ òfurufú kí ajá fúnra rẹ̀ tó wọ̀ ọ́. Èsì náà gbọ́dọ̀ tó 0.5 IU/ml. Bó bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún dúró fún oṣù mẹ́ta gbáko, láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kà á.

Ìyẹn ò tíì parí. Oògùn aràn tún wà tí dókítà gbọ́dọ̀ fún un nígbà tó bá ku wákàtí 24 sí 120 kó gúnlẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ìlera tún wà, pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Nigeria Agricultural Quarantine Service, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹranko àti irè oko tó ń jáde nílẹ̀ wa. Àpótí tí wọ́n máa gbé e sí gbọ́dọ̀ láyè débi tó fi lè dìde dúró, kó yíra padà, kó sì nà gbalaja. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ òfurufú ló ń gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà ẹrù ló máa gbà wọlé, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ni ín, lọ́pọ̀ ìgbà sì ni owó ẹrù ajá ńlá máa ń ju owó tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn lọ.

Ẹni tó bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ á rí i pé oṣù mẹ́rin ti lọ látọjọ́ abẹ́rẹ́, ìyẹn bí nǹkan kan ò bá dí wọn lọ́wọ́. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í sábà gbà tó oṣù mẹ́rin kó tó jáde. Ìdílé tó bá dúró kó rí físà kó tó ronú kan ajá ti pẹ́ jù.

Àwọn kan á ní kò burú, àwọn á kọ́kọ́ lọ, ajá á wá tẹ̀ lé àwọn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìrìn-àjò ajá àti ti ẹni tó ni ín kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ márùn-ún síra wọn. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó ajá ọjà wọlé ló máa gbà, ìlànà ìyẹn sì le ju ti ajá ilé lọ. "Oṣù méjì péré" tí ẹni tó ni Bobby sọ lórí fóònù ti kọjá ọjọ́ márùn-ún yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀. Oníṣòwò tí kò bá mèyí á rò pé òun ń bá wọn tọ́jú ajá tó ń lọ London, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ajá náà ti di tiẹ̀.

Irú ajá kan tún wà tí kò lè wọ ibẹ̀ rárá. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1991 ka pit bull, Japanese Tosa, Dogo Argentino àti Fila Brasileiro léèwọ̀, wọ́n sì fi XL Bully kún wọn ní ìparí ọdún 2023. Pit bull àti Bully yìí sì rèé, àwọn ọ̀dọ́ Èkó fẹ́ràn wọn bí ẹyin ojú. Ní ti ajá onímú pẹlẹbẹ bíi bulldog, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni kì í gbà á, nítorí mímí kì í rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Amẹ́ríkà náà ti le sí i. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 2024, ajá gbọ́dọ̀ pé oṣù mẹ́fà kó tó lè wọ ibẹ̀. Èyí tó bá ń ti Nàìjíríà bọ̀, tó jẹ́ pé ibí ni wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, gbọ́dọ̀ ní microchip àti ìwé ẹ̀rí dìgbòlugi tí dókítà ìjọba fọwọ́ sí, ìwọ̀nba pápákọ̀ òfurufú díẹ̀ ló sì lè gbà wọlé. Bí kò bá ní èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ 28 ni wọ́n máa há a mọ́bì kan, ẹni tó ni ín ló sì máa sanwó rẹ̀. Ní ti Kánádà, ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 2022 ni wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ajá ọjà tó bá ń ti Nàìjíríà àtàwọn orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ wá. Àní ajá tí wọ́n fẹ́ fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ lọ́hùn-ún pàápàá, ọjà ni wọ́n kà á sí. Ajá ilé tó ń bá ẹbí rẹ̀ lọ ló ṣì ń rí ọ̀nà gbà.

Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ajá fi ń kù sílé. Ẹni tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ rò ó kàn ni mẹ́gáàdì, nítorí òun ló ń bọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ta ilé, tàbí tí ayálégbé tuntun kó wọlé, mẹ́gáàdì gan-an ń wá ibi tí òun máa forí lé. Ẹlòmíràn á gbé e lọ fún ìyá rẹ̀ n'Íjẹ̀bú tàbí Òṣogbo. Ajá tó ti ń sùn ní páálọ̀ á wá bá ara rẹ̀ lórí okùn lábẹ́ igi máńgòrò, ìyá àgbà ò sì lágbára tó lè fi fà á mú bó bá tú. Ó máa ń dáa nígbà mìíràn ṣá o. Ìyá tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ ti lọ tán, bó bá jẹ́ ajá kékeré bíi Lhasa ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, wọ́n á di ọ̀rẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ibi tó léwu jù ni ọ̀fẹ́. Bí ìdílé bá ti kéde pé àwọn ń fi ajá tọrẹ, èèyàn máa pọ̀ lẹ́nu géètì, gbogbo wọn ló sì máa sọ pé àwọn fẹ́ràn ajá. Ẹnì kan á gbà á láàárọ̀, á ti tà á lẹ́bàá títì kílẹ̀ tó ṣú. Ẹlòmíràn ń wá abo tó lè máa bímọ fún un láìsinmi, títí tí kò fi ní wúlò mọ́. Ẹlòmíràn sì rèé, ìkòkò ọbẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Jíjẹ ajá kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ yìí. Àwọn ará Oǹdó ò fi bò pé àwọn ń jẹ ẹ́, ajá sì ti jẹ́ ẹran Ògún tipẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, kó lọ ra tiẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá gba ajá tí ọmọ ọlọ́mọ ń pè lórúkọ, tó ní àánú ló ń ṣe òun, tó wá tà á fún ọlọ́bẹ̀, jìbìtì ló lù. Ajá ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bíńgò ni ìyà yìí máa ń jẹ jù, torí kò sẹ́ni tó máa rò pé ó yẹ lóhun tí wọ́n ń béèrè ìbéèrè lé lórí.

Èyí ló fi yẹ kó jẹ́ pé iṣẹ́ ni wọ́n máa kà á sí, kí wọ́n yé kà á sí oore. Ẹni tó ń lọ ló yẹ kó san èyí tó pọ̀ jù nínú owó wíwá ilé tuntun fún ajá. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń gbà á nìkan ni oníṣòwò ti ń retí owó, bó ṣe máa tètè bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ló máa máa wá, nítorí gbogbo ọjọ́ tó bá lò sí i nínú àgò, owó ló ń jẹ. Bí ẹni tó ń lọ bá ti sanwó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sílẹ̀, oníṣòwò á lè sọ fún ẹni tí kò yẹ pé rárá. Ẹni tó ń gbà á náà gbọ́dọ̀ san nǹkan, bó ti wù kó kéré mọ, kó má baà di pé ọ̀fẹ́ ló gbé lọ tà.

Ìwé àdéhùn wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré kì í fẹ́ mú ìwé jáde síwájú oníbàárà tó ti di ọ̀rẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ gbèsè. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tọ́jú ajá kóun fi dé ọ̀hún, kó sanwó sílẹ̀, kó fi orúkọ oníduùró kan tó wà ní Nàìjíríà sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i pé bí owó ò bá wọlé mọ́ fún iye ọjọ́ tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, oníṣòwò láṣẹ láti wá ilé fún ajá náà. Kí agbẹjọ́rò bá wọn wo ìwé yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á lè máa lò ó fún gbogbo èèyàn.

Kí ajá tó kúrò nílẹ̀, ó yẹ kí oníṣòwò lọ wo ilé tó ń lọ. Ṣé ọgbà yí i ká? Ta ló máa ń wà nílé lọ́sàn-án? Ìbéèrè kan sì wà tó lè tú àṣírí ju gbogbo ìyókù lọ: ajá tẹ́ ẹ ní kẹ́yìn, kí ló ṣe é? Ẹni tí ajá mẹ́ta ti kú sọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọdún méjì, tó jẹ́ pé ará àdúgbò ló ń fún wọn ní májèlé jẹ ní gbogbo ìgbà, kò yẹ kó gba ẹ̀kẹrin. Abo ajá, ó dáa kí dókítà ti ṣiṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́ fún un kí wọ́n tó fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àwọn kan á ní ìyẹn ń dín iye rẹ̀ kù lọ́jà. Òótọ́ ni, ìdí tó sì fi dáa nìyẹn, torí ẹni tó ń wá ẹ̀rọ ìbímọ á kọjá lọ.

Ajá ńlá tó ń ṣọ́ ilé ló ṣòro jù láti rí ibi fi sí. Olóko adìyẹ tàbí ẹni tó ní ilé ìkẹ́rùsí lè gbà á, bó bá jẹ́ pé ìta ló ti ń gbé tẹ́lẹ̀. Àmọ́ Rottweiler tó jẹ́ pé bàbá ilé nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ẹni tó ń fi í sílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nípa rẹ̀: ta ló ti gé jẹ, ṣé ó lè wà pẹ̀lú ọmọdé, ṣé ó ń bá ajá mìíràn jà? Bí wọ́n bá fi bò, tó lọ ya ọmọ ọlọ́mọ jẹ, ọrùn oníṣòwò tó wá ilé fún un ni ìyọnu náà máa wá, torí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti wà ní Manchester.

Ti ajá tó ti darúgbó tó ń ṣàìsàn ńkọ́? Bí kò bá sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, abẹ́rẹ́ tí dókítà fi ń mú un sùn láìjẹ̀rora sàn ju kí wọ́n ṣí géètì fún un lóru. Ó ṣòroó sọ fún oníbàárà, àmọ́ dókítà ló yẹ kó sọ ọ́. Ajá tí wọ́n bá tú sígboro kò ní rí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi gbà mọ́, ọmọ àdúgbò ló sì máa gé jẹ.

Bí wọ́n bá ti rí ẹni tó yẹ, kí wọ́n má dúró dọjọ́ ìrìn-àjò kí wọ́n tó gbé e fún un. Kí ẹni tuntun náà wá bá a ṣeré lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta nílé tó ti mọ̀. Kí aṣọ tó ń sùn lé bá a lọ láìfọ̀, kó sì máa jẹ oúnjẹ tó ti mọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tó ń gbọ́ sílẹ̀, torí ajá tó mọ "jókòó" lè má mọ "sit". Ó lè má jẹun fọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, bó bá sì rí géètì ní ṣíṣí, ilé àtijọ́ ló máa gbà lọ, ìyẹn ni kò fi yẹ kí wọ́n tú okùn rẹ̀ níta fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó yẹ káwọn ọmọ náà mọ ibi tó ń lọ. Irọ́ "Bobby máa wá bá wa tó bá yá" kì í pẹ́ já.

Ìpè yìí ní àkókò tirẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọmọ wọlé ní oṣù kẹsàn-án, àwọn mìíràn sì ń gbà ní oṣù kìíní, nítorí náà oṣù kẹjọ àti oṣù kejìlá ni ìdààmú máa ń dé. Oṣù kejìlá ló burú jù fẹ́ni tó ní ilé ìtọ́jú ajá, torí ìgbà yẹn náà làwọn tó ń lọ ṣọdún Kérésì nílé ń wá ibi tí wọ́n máa fi ajá sí fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí owó sì wà lọ́wọ́ wọn. Bí ajá tí kò lólówó bá ti kún inú àgò, ńṣe ló máa dá àwọn yẹn padà. Ṣùgbọ́n dókítà ẹranko tó bá bi oníbàárà ní oṣù kẹta, nígbà tó gbé ajá wá gba abẹ́rẹ́ ọdọọdún, pé ṣé ìrìn-àjò kankan ń bọ̀ lọ́dún yìí, ṣì ní oṣù márùn-ún sí mẹ́fà lọ́wọ́. Ó tó fún ẹ̀jẹ̀ tó máa lọ fún àyẹ̀wò, ó sì tó láti fi wá ilé tuntun. Ìlà kan péré ni ìbéèrè yẹn máa gbà lórí káàdì abẹ́rẹ́.